Pápá Mẹ́rin Tí Wọ́n Kọ́ fún Àlejò

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tọkọtaya á fi owó pamọ́ fún ọdún mélòó kan, wọn á wọ mọ́tò, wọn á sì máa ti pápá béèsìbọ́ọ̀lù kan bọ́ sí òmíràn títí wọn ó fi rí gbogbo 30 tó jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọn. Àwọn kan fi oṣù méjì ṣe é, àwọn mìíràn fi ogún ọdún. Ta ló borí kọ́ ló kàn wọ́n jù. Pápá gan-an ni wọ́n ń lọ wò, bí àwọn ènìyàn ṣe ń gun Olúmọ kí wọ́n lè sọ pé àwọn ti débẹ̀.

Ní Gabon, mẹ́rin péré ni tiwa. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n fi gba àlejò Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní 2017 ni mò ń sọ: ọ̀kan ní Angondjé lẹ́yìn Libreville, ọ̀kan ní Oyem lápá àríwá, ọ̀kan ní Franceville ní gúúsù ìlà-oòrùn, ọ̀kan ní Port-Gentil létí òkun. Àpapọ̀ ìjókòó inú wọn tó 100,000, ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ kó gbogbo ọmọ Gabon lọ sí Èkó lónìí, tó bá di ọ̀la ẹ ó máa wá wọn.

Ọkọ mi ló ní ká lọ wò wọ́n. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, èmi jẹ́ ọmọ Pobè ní Benin. Libreville la ti pàdé, ibẹ̀ la sì ti bí ìbejì wa ní 2010. Ó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Mont-Bouët; èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà kéde pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan yóò di ti ọmọ onílẹ̀ nìkan: ọjà títà ládùúgbò, irun ṣíṣe lójú pópó, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, àti títún fóònù àti ẹ̀rọ kéékèèké ṣe. Èmi ni mo ka ìròyìn náà sókè fún un nídìí oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí mo dé ibi fóònù, kò sọ nǹkan kan. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó wá ní, "Ìyá Ìbejì, ọdún kọkànlélógún mi rèé nílẹ̀ yìí. Mi ò tíì rí Oyem."

Owó tí a ti fi pamọ́ láti pààrọ̀ páànù ṣọ́ọ̀bù la mú. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní ta ló ń pààrọ̀ páànù ilé tí kò mọ ẹni tí yóò sùn sínú rẹ̀.

Angondjé kò jìnnà, nítorí náà ibẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìkọ́lé kan láti Shanghai ló kọ́ pápá náà. Orúkọ tí wọ́n fún un lédè Faransé túmọ̀ sí Pápá Ọ̀rẹ́, ìyẹn ọ̀rẹ́ àárín China àti Gabon, ìjókòó 40,000. Brazil ni wọ́n pè wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011 nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣíṣí, Brazil sì na onílé ní ayò 2 sí 0, bí àlejò tí kò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn ṣẹ́ ẹran kù sínú àwo. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí Gabon àti Equatorial Guinea jọ gbàlejò ìdíje 2012, pápá yìí ni Gabon ti pàdé Mali nígbà tó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, ó di pẹnáritì, Pierre-Emerick Aubameyang sì pàdánù tirẹ̀. Ó sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ti jẹ́ balógun ẹgbẹ́ Gabon rí, ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Àwa kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìbejì ṣì kéré. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ń ṣí ìdíje kejì, a kó wọn lọ. Wọ́n kun ojú wọn ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ yẹ́lò àti búlúù. Aubameyang gba ayò wọlé, àwọn ènìyàn ń fò, ó sì dà bíi pé ó ti parí. Ni Guinea-Bissau, tí kò tíì dé irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bá dá a padà nígbà tí 90 ìṣẹ́jú ti pé. Táyé yíjú sí mi, omijé lójú rẹ̀, ó ní lédè Faransé pé, "Wọ́n ti jà wá lólè."

Mo wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wò mí. Nàìjíríà kò yege fún ìdíje ọdún náà, Benin kò yege. A ti lọ síbẹ̀ bí ẹni tó lọ wo ijó. Ọmọ ọdún méje ló wá sọ fún wa pé ẹnì kan nínú ìdílé wa ló ń jó.

Ní oṣù Kẹjọ tí a padà lọ, ìlẹ̀kùn tì. A rìn yí i ká, a wo orí òrùlé rẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ọkọ mi ya fọ́tò mélòó kan, a lọ sílé lọ sùn nítorí aago mẹ́rin òwúrọ̀ la fẹ́ gbéra.

Ẹ̀ẹ̀rùn Gabon kò jọ ti ilé wa. Kò sí òjò, kò sí oòrùn. Òfuurufú á kàn ṣú bí ẹni tó ń bínú láti oṣù Kẹfà títí wọ oṣù Kẹsàn-án. Ó dára fún ìrìnàjò. Ntoum, Kango, lẹ́yìn náà pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà tó sọ fún ọ pé o ń ré ìlà agbedeméjì ayé kọjá. A dúró, a ya fọ́tò, ẹsẹ̀ kan ní ìhín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Ní Bifoun ọ̀nà pín sí méjì: ẹni tó ń lọ sí Lambaréné gba ọ̀tún, àwa gba òsì lọ sí Ndjolé létí odò Ogooué. Láti ibẹ̀, igbó ni. Mo mọ igbó, Pobè kò ṣàì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í tán. Ọkọ̀ agẹgẹdú ló ń bọ̀ lójú rẹ, igi mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi ju mọ́tò wa lọ. Tí ó bá yọ ní kọ́nà, ọkọ mi á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á sọ pé "Ọ̀gá, ẹ kọjá," bí ẹni pé dírẹ́bà ń gbọ́ ọ.

Ohun kejì tó ń dá wa dúró ni àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Mi ò kà wọ́n. Wọ́n á wo ojú, wọ́n á béèrè káàdì ìgbélùú, wọ́n á yí i síwá, yí i sẹ́yìn. Káàdì wa pé. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀kan nínú wọn béèrè ibi tí a ń lọ, ọkọ mi sì dá a lóhùn pé a ń lọ wo pápá bọ́ọ̀lù Oyem. Ọkùnrin náà wò wá títí. Ó ní, "Ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lónìí?" Ọkọ mi ní kò sí ẹnikẹ́ni. Ó dá káàdì padà fún wa láìsọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó dà bíi pé ó káàánú wa.

Ohun tí mo ń rò lójú ọ̀nà yẹn kò dùn púpọ̀. Bọ́ọ̀lù àti lílé àlejò ti pàdé nílẹ̀ yìí rí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láàárín Gabon àti Congo-Brazzaville, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n lé àwọn ará Congo kúrò ní Gabon, àwọn ọmọ Gabon náà sì kó ẹrù wọn sá kúrò ní Brazzaville. Ní 1978, ó kan àwọn ará Benin. Ìjà ààrẹ méjì ni: àwọn jagunjagun tí Bob Denard kó wá ti kọlu Cotonou ní oṣù Kìíní 1977, Kérékou sọ pé ọwọ́ Omar Bongo wà nínú rẹ̀, Bongo bínú, ó sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin. Àwọn alájàpá tí kò rí Kérékou sójú rí ló gbẹ̀san ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọkún jù, mo máa ń rán ara mi létí pé ọwọ́ wa kò mọ́. Ghana lé àwọn Yorùbá ní 1969, títí di òní ẹ ó rí àgbàlagbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìnísà tó ń fi èdè Twi ka owó. Nígbà tó di 1983, Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana, ó sì fi orúkọ báàgì rẹ́rìn-ín wọn. Nítorí náà nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Mont-Bouët ń ṣépè lórí ìkéde oṣù Kẹjọ, ọkọ mi kò bá wọn dá sí i. Ó ní, "Ilé wọn ni." Èmi gbà pé ilé wọn ni. Àwọn ọ̀dọ́ Gabon tí kò níṣẹ́ kì í ṣe ìtàn, mo kọ́ wọn ní kíláàsì, mo mọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìdánwò tán. Ohun tí mi ò tíì rí ìdáhùn sí ni iye ọdún tí àlejò fi ń jẹ́ àlejò. Ní ilé wa, ẹni tó bá ti bímọ sí ìlú, tó ti sìnkú sí ìlú, a kì í bi í mọ́ pé ọjọ́ wo ló ń lọ. Tàbí bóyá a máa ń bi í, nígbà tí nǹkan bá le.

Alẹ́ la wọ Oyem. Obìnrin Fang kan tó ń ta oúnjẹ kí wa pé "Mbolo," ó gbé ọbẹ̀ odika síwájú wa. Mo tọ́ ọ wò, mo rẹ́rìn-ín: àpọ̀n ni! Igi kan náà ni, èso kan náà, orúkọ Gabon ni àwọn onímọ̀ ewéko tilẹ̀ fi pè é. Àwa ń jẹ ẹ́ láti kékeré a rò pé tiwa ni. Mo sọ fún obìnrin náà pé à ń jẹ ẹ́ nílé wa. Ó ní kò lè jẹ́ irú èyí.

Pápá Oyem kò sí nínú ìlú gan-an. Ìjókòó bíi 20,000 ni, ìlú Oyem fúnra rẹ̀ kò sì ju ìlú ọjà kan lọ. Gabon kò tó ọdún méjì láti kọ́ ọ. Libya ni ìdíje 2017 tọ́ sí, ogun kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, Gabon sì gbà á ní oṣù Kẹrin 2015 níwájú Algeria àti Ghana. Níbí ni Morocco ti fi ayò 1 sí 0 lé Côte d'Ivoire, tí ife ẹ̀yẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kúrò nínú ìdíje. Ọkọ mi mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń nàka sí ibi tí góòlù wà láàárín irin géètì, ó ń ṣàlàyé bí bọ́ọ̀lù náà ṣe wọlé. Ewúrẹ́ méjì àti èmi la jọ ń gbọ́ ọ.

Láti Oyem, a padà sẹ́yìn dé Lalara, a gba apá ìlà-oòrùn. Ọ̀dà níhìn-ín, erùpẹ̀ pupa lọ́hùn-ún. Ọjọ́ méjì ni, táyà kan bẹ́, a sùn ní Lastoursville. Ní Moanda, òkè tí wọ́n ti ń wa máńgáníìsì láti 1962 dúdú bí èédú. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa Franceville. Abúlé tí wọ́n ti bí Omar Bongo kò jìnnà síbẹ̀, sàréè rẹ̀ wà nínú ìlú, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé wọ́n rántí Franceville nígbà tí wọ́n ń pín pápá, ní 2012 àti ní 2017. Níbẹ̀ ni Sadio Mané ti pàdánù pẹnáritì tó gbé Cameroon kọjá Senegal. Cameroon ló sì gba ife náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n na Egypt ní 2 sí 1 ní Angondjé. Ohun tí mo rántí jù ni àwọn ọmọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn lẹ́yìn ọgbà, òkúta méjì ni góòlù wọn. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi wọlé. Wọ́n ní ti ìdíje ni èyí tó wà nínú.

Ti ìdíje ni. Bí mo bá jẹ́ akọ̀wé ìtàn, gbólóhùn àwọn ọmọ yẹn ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀. Àlejò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ́ ọ fún, wọ́n sì kọ́ ọ dáadáa. Gabon fi gbogbo ara gbàlejò, títí dé pé ní ọdún 2017, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n dìbò tí ìlú dàrú, tí iná jó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí àwọn alátakò sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má lọ wo bọ́ọ̀lù kankan. Àlejò tó jókòó jẹun ní ìyàrá iwájú kò gbọ́ ariwo ẹ̀yìnkùlé.

A padà sí Libreville. Ó wá ku Port-Gentil, ibẹ̀ kò sì ní ọ̀nà. Ẹ má rò pé àwàdà ni: ìlú kejì ní Gabon, ìlú epo rọ̀bì, kò sí títì tí mọ́tò lè gbà láti Libreville débẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi wà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta 2023 ọ̀kan rì lójú ọ̀nà yìí gan-an, ó lé ní 20 ènìyàn tó bá a lọ, èmi sì sọ fún ọkọ mi pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, bàálù ni tàbí kí a dúró sílé." Ó san owó bàálù. Páànù ṣọ́ọ̀bù parí síbẹ̀.

Bàálù Libreville, bó bá ti gbéra, òkun ló ń rí. Ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ń wò. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1993, bàálù ológun tó gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Zambia lọ sí Senegal dúró ní Libreville láti rọ epo. Ó gbéra, ẹ́ńjìnnì kan gbiná, ìwádìí sọ lẹ́yìn náà pé èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni awakọ̀ pa. Ó já sínú òkun yìí. Ènìyàn 30, agbábọ́ọ̀lù 18 wà nínú wọn. Kalusha Bwalya kò sí níbẹ̀ nítorí pé Netherlands ló ti ń bọ̀. Òun àti àwọn tuntun ló tún ẹgbẹ́ náà dá, wọn kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi dé àṣekágbá ní Tunis, Nàìjíríà sì na wọ́n ní 2 sí 1, Amunike ló gba méjèèjì wọlé. Ọkọ mi ṣì kéré nígbà náà ní Abẹ́òkúta, ó fò dé òrùlé. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun lọ́jọ́ náà àwọn tí à ń nà.

Ní 2012, apá Equatorial Guinea ni wọ́n ti ń fi Zambia gbá bọ́ọ̀lù. Àfi bí wọ́n bá dé àṣekágbá ni wọn ó fi dé Libreville. Wọ́n dé e. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí etí òkun, wọ́n da òdòdó sómi fún àwọn tó lọ. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì, Pápá Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti pàdé Côte d'Ivoire. Drogba gbá pẹnáritì sókè, ó di àfikún àkókò, ó di pẹnáritì, 8 sí 7, Zambia borí. Kalusha, tó ti di ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù wọn, wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti fi pápá mẹ́rin yìí ṣe, èyí nìkan ni mo lè sọ pé ó tó owó tí wọ́n ná sí i, kì í sì í ṣe ti onílé.

Ní Port-Gentil, Lionel Messi ló wá bá Ali Bongo fi òkúta ìpìlẹ̀ pápá lélẹ̀ ní oṣù Keje 2015, ó wọ ṣòkòtò péńpé wá, àwọn ènìyàn sì fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan bínú sí ṣòkòtò náà. Lọ́dún 2017, koríko ibẹ̀ burú débi pé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń pariwo. Síbẹ̀, lórí koríko náà ni Uganda ti padà wá sí ìdíje yìí lẹ́yìn ọdún 39, ibẹ̀ náà ni Essam El Hadary, aṣọ́lé Egypt, ti wọlé nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́lé farapa. Ọmọ ọdún 44 ni. Kò sí ẹni tó dàgbà tó o tó gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje náà rí.

Mẹ́gáàdì tó wà lẹ́nu géètì kò fẹ́ jẹ́ ká wọlé. Lẹ́yìn tó ti kọ̀ ó béèrè ibi tí a ti wá, a ní Libreville. Ó ní rárá, ibi tí a ti wá gan-an. Ọkọ mi ní Abẹ́òkúta, èmi ní Pobè. Ó di kọ́kọ́rọ́ mú, ó wo èmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gùn sí mi. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni. Ó ti lò tó ọdún 30 ní Gabon. Mo béèrè bóyá ó gbọ́ ìkéde oṣù Kẹjọ. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò rí iṣẹ́ ṣíṣọ́ géètì nínú rẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ọkọ mi rìn lọ sí ibi góòlù, ó dúró láàárín òpó méjì, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ọdún 44 ni òun náà pé ní oṣù Karùn-ún. Mo bi í láti òkèèrè pé kí la ó ṣe. Ó ní tí wọ́n bá wá sọ fún òun ní ṣọ́ọ̀bù, òun á kó irinṣẹ́ òun wá sílé, àwọn tó mọ òun á máa gbé fóònù wọn wá síbẹ̀. "Tí wọ́n bá sì wá sílé ńkọ́?" Kò dáhùn. Ó ní kí n wá gbá bọ́ọ̀lù kan sí òun. Kò sí bọ́ọ̀lù. Mẹ́gáàdì ní ọ̀kan wà nínú yàrá òun, ó lọ mú un wá.

Ọjọ́ Àìkú la wọ bàálù padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí aago mẹ́jọ tó lù, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù.